Fi Í Sílẹ̀ Bẹ́ẹ̀

Ní Tianshui, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe,
akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ni mo ní lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
àga mẹ́jọ.
Ẹni tó bá pẹ́ dé á jókòó sórí àpótí irinṣẹ́.

Mo kọ "leave" sójú pátákó, ẹfun dá sí méjì lọ́wọ́ mi.
Mo ní: ẹ ṣọ́ra fún èyí, olójú méjì ni.
Lédè tiwa, ẹni tó jáde nílé, lí ni à ń pè é;
ohun tó ṣẹ́ kù sílé lẹ́yìn rẹ̀, liú ni.
Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń dúró.
A kì í fi ọ̀kan pe èkejì,
bí a kì í ti í pe ẹnu ọ̀nà ní ìdí ààrò.
Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sínú àpò kan,
ó so ó lẹ́nu,
ó ní ká máa tọwọ́ bọ̀ ọ́ lókùnkùn.

Reluwé kúrò ní ibùdó: leave.
Mo gbàgbé agbòjò sínú reluwé: leave, òun náà ni.
Ọ̀gá fún ọ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta: leave ni wọ́n ń pe ìyẹn pẹ̀lú.
Shan Guizhi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ béárìn,
kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò tíì fojú kan irú rẹ̀ rí.
Bó bá sì di ọ̀rọ̀ àná, ó pa ara dà, ó di "left",
left ọ̀hún náà ló tún jẹ́ ọwọ́ òsì.
Cen Lei, ọmọdékùnrin tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri,
ní, "Olùkọ́, bí ẹni tó lọ bá wá yà sósì ńkọ́?"
A rẹ́rìn-ín títí onítọ̀hún nísàlẹ̀ fi igi kan àjà.

Bàbá Lou ò rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi na àsíá sí reluwé tó ń kọjá.
Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní Leeds,
kò gbọ́ èdè wa ju "bàbá àgbà" àti "mo ti yó" lọ.
Òun ló ń kọ lẹ́tà sí,
láti ìgbà tí yìnyín ti wà nílẹ̀ ló ti ń kọ ọ́.
Nígbà tí a túká, ó na bébà náà sí mi.
Ìlà mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyàwó mi fi mí sílẹ̀ lóṣù kẹta.
Ó fi igi ápù sílẹ̀ fún mi.
Ápù mẹ́rin ló kù.
Mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí ẹ̀ka.

Mo ti ṣí bírò pupa.
Ẹni tó bá ka ìlà àkọ́kọ́ ní Leeds
á ní ìyá àgbà kó ẹrù, ó kọ ọkọ.
Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an tẹ̀ lé wọn gun òkè lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín,
ẹrẹ̀ mu bàtà mi kan, n ò padà lọ mú un.
Mo mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ níbẹ̀. Ó kúrú, kò lójú méjì.

"Bàbá," mo ní, "èyí túmọ̀ sí pé ó kọ̀ yín sílẹ̀."

Ó gba bébà. Ó wò ó súnmọ́, ó wò ó lókèèrè.
"Ṣé èmi ni mo ní kó máa lọ ni?"

Mo dé bírò.
Mo tún ṣí i: mo fi s kan ṣoṣo kún ápù,
torí pé mẹ́rin ni wọ́n.

Nísàlẹ̀, Cen Lei ti tan alùpùpù, ó ń dúró dè é.
Mo gbọ́ ìró wọn títí dé orígun,
títí wọ́n fi yà sósì.